Purdue OWL: ibi tí mo máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ yà

Ẹ̀yin èèyàn mi, sáìtì kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń kọ ímeèlì sí ọ̀gá ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó kàn fẹ́ kí ohun tóun ń kọ mọ́ lójú. Purdue OWL lorúkọ ẹ̀, OWL yẹn dúró fún "Online Writing Lab". Yunifásítì Purdue tó wà ní Indiana ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Muriel Harris ló dá ibi tí wọ́n ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí ìwé kíkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1976, téèyàn á gbé iṣẹ́ ẹ̀ wá, wọ́n á jọ jókòó tì í, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di 1994 ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtìgbà yẹn lẹnikẹ́ni níbikíbi ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí pé ẹ ń ṣí àkáǹtì, kò sí pé wọ́n ń béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ kàn máa wọlé ni kẹ́ ẹ máa kà.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ti lò lọ ò ju ẹyọ kan lọ: ó máa ń sọ ìdí. Kì í kàn ní kẹ́ ẹ fi kọ́mà síbí kẹ́ ẹ yọ ti ibẹ̀ yẹn, á ṣàlàyé ohun tí kọ́mà yẹn ń ṣe nínú gbólóhùn, á fún yín ní àpẹẹrẹ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá mọ ibi tẹ́ ẹ máa fi í sí nígbà míì tí kò bá sẹ́ni tẹ́ ẹ máa bi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí mi gan-an torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi gírámà há lórí ní iléèwé láìsí àlàyé, a mọ̀ pé "he go" ò dáa, àmọ́ tí wọ́n bá bi wá pé kí ló dé, ẹnu á wọhò.

Ẹ jẹ́ ká tibi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, torí òun lojú máa ń kọ́kọ́ rí. Pèéjì tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ ò gùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun téèyàn nílò ló wà níbẹ̀. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tá à ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ni pé a máa ń fi lẹ́tà ńlá bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá ti ṣe pàtàkì lójú wa, lẹ́tà ńlá ni. Ìyẹn lẹ fi máa ń rí i nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé ẹnì kan kọ "I am a Graduate of Accounting and a very Hardworking Person." Nínú gbólóhùn yẹn, "I" nìkan ló tọ́ kó gba lẹ́tà ńlá, gbogbo èyí tó kù kékeré ni. Lẹ́tà ńlá nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ní í ṣe pẹ̀lú pé nǹkan níyì tàbí kò níyì, ohun tó ń wò ni pé ṣé orúkọ gan-an lèyí àbí irú nǹkan kan lásán. "University" lásán, irú ilé ẹ̀kọ́ kan ni, lẹ́tà kékeré. "Purdue University", orúkọ ni, lẹ́tà ńlá. "Accounting" tó jẹ́ iṣẹ́ téèyàn kọ́, lẹ́tà kékeré, ṣùgbọ́n "English" àti "French" á gba lẹ́tà ńlá níbi yòówù kí wọ́n wà torí orúkọ èdè ni wọ́n, nítorí náà "I studied accounting and English" tọ̀nà bó ṣe rí yẹn, kò sí ohun tó ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá, ìyá, àbúrò bàbá àti irú wọn yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "I told my mother that Dad was coming." Kí ló dé tí "mother" fi jẹ́ kékeré tí "Dad" sì jẹ́ ńlá, ṣebí òbí làwọn méjèèjì? Ohun tó fà á ni "my" tó wà níwájú "mother". Tí "my" bá ti wà níwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló ń jẹ́, ó ń sọ bí ẹni yẹn ṣe tan mọ́ yín. Ṣùgbọ́n "Dad" tó dá dúró yẹn, ipò orúkọ ló wà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ fi orúkọ èèyàn rọ́pò ẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dún: "James was coming" lọ geere, àmọ́ "I told my James" ò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Uncle James" á gba lẹ́tà ńlá, tí "my uncle" ò ní gbà á. Ẹni tó bá ti gba èyí mú, ìdajì wàhálà lẹ́tà ńlá ti tán lọ́rùn ẹ̀.

Èyí tó kù yára: orúkọ ọjọ́ àti orúkọ oṣù máa ń gba lẹ́tà ńlá, "Monday", "July", ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ìgbà nínú ọdún bíi "summer" àti "winter" kì í gbà á. "Drive north" kékeré torí ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń gbà lọ ni, "people from the North" ńlá torí ó ti di orúkọ agbègbè. Ẹ jọ̀ọ́, "i" kékeré tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ lórí fóònù yẹn, ẹ má gbé e dénú lẹ́tà ìwáṣẹ́ o.

Kí n ya ẹsẹ̀ kan díẹ̀. Kì í ṣe pé òfin lẹ́tà ńlá yìí já bọ́ láti ọ̀run. Ẹ lọ wo ìwé òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní 1787, ẹ máa rí i pé "Order", "Union" àti "Justice" ni lẹ́tà ńlá wà lórí wọn láàárín gbólóhùn, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn, kó tó di pé àṣà náà lọ sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Jámánì sì ń bá tiwọn lọ títí dòní, gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ pátá ni wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn ni, àdéhùn òde òní náà la sì ń kọ́.

Ó wá ku kọ́mà, níbẹ̀ ni Purdue OWL ti ta gbogbo sáìtì yòókù yọ. Wọ́n ní pèéjì tó kúrú fún ẹni tó ń kánjú, wọ́n sì ní èyí tó gùn fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́mà àti "who". Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí síwájú ara yín:

"The students who failed the test will come back on Friday."

"The students, who failed the test, will come back on Friday."

Ọ̀rọ̀ kan náà, ètò kan náà, kọ́mà méjì ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé àwọn kan fìdí rẹmi, àwọn kan yege, àwọn tó fìdí rẹmi nìkan ló ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ti ìkejì ń sọ pé gbogbo wọn ló fìdí rẹmi, gbogbo wọn ló sì ń bọ̀. Kọ́mà méjì péré ló sọ odindi kíláàsì di aláìyege! Ohun tí sáìtì yẹn sọ ni pé tí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín yẹn bá jẹ́ èyí tó ń tọ́ka irú ẹni tá à ń sọ, tá a bá yọ ọ́ kúrò a ò ní mọ ẹni náà mọ́, kò gbọdọ̀ ní kọ́mà. Tó bá jẹ́ àfikún lásán ni, téèyàn lè yọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ má sì bàjẹ́, kọ́mà á gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé mo ti lo áàpù kan tó máa ń ṣàtúnṣe Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn, òun ló ní kí n fi kọ́mà síbi tí mi ò fẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ìtumọ̀ sì yí padà pátápátá, ìgbà tí mo tún un kà ni mo tó rí i. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló fìdí rẹmi àbí àwọn kan? Èmi tí mo wà níbẹ̀ ni mo mọ̀. Nítorí náà bí áàpù bá tiẹ̀ dáa tó, ẹni tí kò mọ òfin ò ní mọ ìgbà tó yẹ kóun kọ̀ fún un. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó o, ó máa ń bá èèyàn rí lẹ́tà tó fò, ó wúlò, ẹ ṣá ní ìmọ̀ tiyín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá sì rò pé kọ́mà ò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Oakhurst Dairy fún un. Ilé iṣẹ́ mílíìkì ni, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Òfin ìpínlẹ̀ yẹn ka oríṣiríṣi iṣẹ́ tí kò ní owó àfikún fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kọjá àkókò, ìparí ẹ̀ wá lọ báyìí: "packing for shipment or distribution". Kò sí kọ́mà ṣáájú "or". Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà wá sọ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo lèyí, kíkó ẹrù sínú páálí ni, yálà fún fífi ránṣẹ́ tàbí fún pípín, àwọn kì í sì í kó nǹkan sínú páálí, pípín làwọn ń pín in, nítorí náà òfin ò yọ àwọn sílẹ̀, kí wọ́n san owó àwọn. Ilé iṣẹ́ ní rárá, iṣẹ́ méjì ni, ìkejì ni pípín. Ní 2017 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn awakọ̀ láre pé ọ̀rọ̀ inú òfin yẹn kò ṣe kedere, nígbà tó sì di 2018 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là. Nítorí kọ́mà kan! Kọ́mà yẹn ni wọ́n ń pè ní "Oxford comma", èyí tó máa ń ṣáájú "and" tàbí "or" níparí ohun téèyàn ń kà lẹ́sẹẹsẹ, Purdue OWL sì máa ń lò ó.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé èdè tiwa ló ń tì wá síbẹ̀. Nínú Yorùbá, "mo parí iṣẹ́, mo lọ sílé" dáa, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú Gẹ̀ẹ́sì, "I finished the work, I went home", àṣìṣe ni, torí kọ́mà nìkan ò lágbára láti so odindi gbólóhùn méjì pọ̀. Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà tún un ṣe pọ̀: ẹ fi fúlúsitọ́ọ̀pù pín wọn níyà, tàbí kẹ́ ẹ fi sẹ́mikólọ̀n sáàárín tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá sún mọ́ra, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí kọ́mà yẹn wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ asopọ̀ tì í lẹ́yìn, "I finished the work, and I went home." Ọ̀rọ̀ asopọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yìí ò ju méje lọ: and, but, or, nor, for, so, yet. "However" ò sí níbẹ̀ o, ẹ ṣọ́ra, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ki kọ́mà síwájú "however" tí wọ́n á wá fi so gbólóhùn méjì, kò tọ̀nà.

Ní ti gírámà gan-an, ibi tó máa ń ni wá lára jù ni pé kí olùwà ("subject") àti ọ̀rọ̀ ìṣe ("verb") bára wọn mu. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa kì í pàwọ̀ dà, mo lọ, ó lọ, wọ́n lọ, "lọ" ò yí padà rárá. Gẹ̀ẹ́sì ní "I go", "he goes", "they go". Ohun tó tún ń da orí rú ni pé lẹ́tà "s" tó ń sọ ọ̀rọ̀ orúkọ di púpọ̀, òun náà ló ń sọ fún wa lára ọ̀rọ̀ ìṣe pé ẹyọ kan là ń sọ: "the boy runs", "the boys run". Bí "s" bá wà lára ọ̀kan, kì í sábà sí lára ìkejì. Purdue OWL ní pèéjì kan tó dá lórí èyí nìkan, mo sì gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ míì ti wọ àárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe, bíi "The box of books is heavy." Etí á fẹ́ kọ "are" torí "books" ló gbọ́ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tó wúwo ni "box", ẹyọ kan sì ni. Bákan náà "Each of the students has a book" àti "Everybody knows", ẹyọ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ka "each" àti "everybody" sí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lọ́kàn wa.

"Ó" tiwa náà tún ń kó wa sí i. "Ó ti dé" lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ẹrù, Gẹ̀ẹ́sì sì ní dandan ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú "he", "she" àti "it". Èyí tó tún le jù ìyẹn lọ ni ọ̀wọ̀, torí bàbá kan ṣoṣo là ń pè ní "wọ́n", bó ṣe di pé ẹnì kan ń kọ "My father has arrived, they are resting" nìyẹn, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á máa wá ẹni kejì tó bá bàbá wá. Kò sí pèéjì kankan níbẹ̀ tó dárúkọ ìṣòro yìí fún àwa ọmọ Yorùbá, ẹ ò ní bá a, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka ti ọ̀rọ̀ aropò orúkọ tán, tẹ́ ẹ wá fi èdè wa wò ó, ẹ̀yin náà á rí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

"Did you saw him?" náà ńkọ́? "Did" ti gbé àmì pé ọ̀rọ̀ ti kọjá, ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, "Did you see him?" Irú ẹ̀ náà ni "doesn't goes", "does" ti gbé "s" lọ, "go" ló kù.

Mo tún fẹ́ràn ohun tí wọ́n kọ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ tó ṣe é kà àtèyí tí kò ṣe é kà. "Informations", "advices", "furnitures", "equipments", "luggages", a máa ń kọ gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó dáa nínú wọn, torí Gẹ̀ẹ́sì kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "a piece of advice" lẹ máa kọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹyọ kan. Pèéjì "a" àti "an" náà mọ́ra dáadáa, ohun tí wọ́n sọ ni pé ohùn tí etí gbọ́ lẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má wo lẹ́tà, ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ "an hour" torí "h" yẹn ò dún, tó sì jẹ́ "a university" torí bíi "yu" ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu.

Àpọ́sítírọ́fì ò gba àlàyé púpọ̀. "It's" túmọ̀ sí "it is" tàbí "it has", tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn rọ́pò ẹ̀ tí kò bá lọ, "its" lẹ ń wá. Kì í sì í ṣe àmì ọ̀pọ̀, "phone's for sale" ò dáa rárá.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́: ti Amẹ́ríkà ni. Fúlúsitọ́ọ̀pù àti kọ́mà máa ń wọ inú àmì àyọlò níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba, ìta ni ó máa ń wà tí kò bá sí lára ohun tí wọ́n yọ lò. Ará Amẹ́ríkà á kọ "Mr." pẹ̀lú fúlúsitọ́ọ̀pù, ará Ìlú Ọba á kọ "Mr" láìsí i. "Color" àti "colour", ẹ ti mọ ìyẹn. Nítorí náà ẹni tó ń múra ìdánwò tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kó rántí pé kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú méjèèjì, àmọ́ kó di ti Ìlú Ọba mú níbẹ̀, kó má lú wọn pọ̀ mọ́ra nínú ìwé kan náà. Ìkejì, ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní fídíò lórí YouTube lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ ò gba ìwé kíkà pẹ́ títí, kó má kà á bí ìwé ìtàn, kó wá ohun tó ń dà á láàmú kó ka ìyẹn nìkan.

Gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún, ààbọ̀ tí mo yọ yẹn torí pé àlàyé lórí bí ti Ìlú Ọba ṣe yàtọ̀ ò tó fún irú àwa tá à ń pàdé méjèèjì lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, apá tó ń jẹ́ "General Writing" ni kẹ́ ẹ yà sí, ẹ máa rí "Grammar", "Punctuation" àti "Mechanics" lábẹ́ ẹ̀, inú "Mechanics" ni lẹ́tà ńlá wà, ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Ẹ má tíì dá "MLA" àti "APA" lóhùn, ìlànà bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí ìwé tí wọ́n yẹ̀ wò ni wọ́n, ti àwọn tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí nìyẹn, ó lè tètè dẹ́rù bani. Wọ́n ní ìdánrawò tó ní ìdáhùn lójú ewé ọ̀tọ̀, ẹ kọ tiyín sílẹ̀ tán pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣí ìdáhùn, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí tẹ́ ẹ fi mú èyí tẹ́ ẹ mú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.